Láti Gbọ̀ngán Dé Liberty: Ta Ló Ni Pápá Ìṣeré?

Lọ́dún 1960, pápá ìṣeré méjì ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú. Ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà, èkejì wà ní Ìbàdàn. Ti Amẹ́ríkà ni Candlestick Park ní San Francisco, tí wọ́n kọ́ fún baseball, eré tí wọ́n ti máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Tiwa ni Liberty Stadium, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ lọ́dún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Òmìnira yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òkun ńlá ló wà láàárín pápá méjèèjì, síbẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kan wà tó jà nínú àwọn méjèèjì láàárín ọdún kan, tó sì borí nínú méjèèjì. Dick Tiger lorúkọ rẹ̀. A máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀yin náà á ti rí fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ wa tó wà lókè òkun. Wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á rìn láti ìlú kan sí èkejì, wọ́n á wá dúró ní pápá baseball kan lójú ọ̀nà, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jókòó wo eré tí òfin rẹ̀ ò tiẹ̀ yé wọn dáadáa. Wọ́n gbádùn ẹ̀. Àwa náà ní irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ níbí o, a kàn ò kì í fún un lórúkọ ni. Tiwa ni láti Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn, lọ wo Shooting Stars. Kọ̀ǹpútà là ń jókòó sí níwájú láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí à ń kọ kóòdù. Tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀ tí eré bá wà, a máa ń tì í pa, a ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oríta Gbọ̀ngán, ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Òṣogbo pàdé ọ̀nà tó ń ti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Tí ẹ bá yà sápá Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Ìkirè. Ẹ ò ní nílò àmì kankan kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti dé, nítorí àwọn ìyá tó ń ta dòdò Ìkirè á ti yí mọ́tò yín ká. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíì ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á bu ú sínú epo pupa gbígbóná, yóò sì jáde ní dúdú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tó ń ta lẹ́nu. Òun la máa ń jẹ títí dé ẹnu géètì pápá.

Àpòmù ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní apá yìí, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jí èèyàn gbé tà, ibẹ̀ náà sì ni aáwọ̀ lórí atare ti ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ díẹ̀ ló di ogun tó pa ìlú Òwu run. Nígbà tí ogun náà parí, àwọn jagunjagun tí ò fẹ́ padà sílé mọ́ lọ tẹ̀dó sí ibì kan létí ọ̀dàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Ibùdó yẹn ló di Ìbàdàn tí à ń rí lónìí. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà tí à ń gbà lọ wo bọ́ọ̀lù yìí, ọ̀nà tí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ gbà wáyé ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó so Gbọ̀ngán mọ́ pápá ìṣeré Ìbàdàn kì í ṣe ogun. Kòkó ni.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Gbọ̀ngán dé Ìkirè: igi kòkó ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti darúgbó. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ yìí. Àwọn baba ńlá wa máa ń fi ìlú sílẹ̀ lọ gbé abúlé oko fún oṣù púpọ̀. Wọ́n á ká kòkó, wọ́n á là á, wọ́n á fi ewé bò ó kó lè kan, wọ́n á wá sá a sóòrùn kó tó dé orí ìwọ̀n. Ibi ìwọ̀n yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Láti ọdún 1947, àgbẹ̀ ò lè ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tó wù ú mọ́. Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń rà á nípasẹ̀ àwọn aṣojú rẹ̀, Bọ́ọ̀dù náà ló sì ń dá iye rẹ̀ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Tí kòkó bá gbówó lórí ní London, àgbẹ̀ tó wà ní Gbọ̀ngán ò rí àlékún yẹn gbà. Bọ́ọ̀dù ló ń kó o pamọ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé lọ́jọ́ tí ọjà bá já, owó tí àwọn fi pamọ́ yìí làwọn máa fi gbé àgbẹ̀ ró. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ọjà ń gòkè, owó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n pín Bọ́ọ̀dù náà sí ẹkùn ẹkùn lọ́dún 1954, bíi mílíọ̀nù 34 pọ́n-ùn ló bọ́ sọ́wọ́ Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì ju ti Àríwá lọ, ó ju ti Ìlà Oòrùn lọ. Kòkó ló mú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wá.

Owó yẹn àti owó orí tí wọ́n ń gbà lórí kòkó tó ń jáde lọ ló gbé àpò ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ró. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959. Liberty Stadium tẹ̀ lé e lọ́dún 1960. Cocoa House dé lọ́dún 1965, òun nìkan ló sì jẹ́wọ́ ibi tí owó ti wá nínú orúkọ rẹ̀.

Àwa tó ń kọ kóòdù ní àṣẹ kan tí à ń pè ní git blame. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí kóòdù èyíkéyìí, ó máa fi orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn yín, àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Ká ní a lè tẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lára ògiri Liberty, orúkọ ta ni ì bá jáde? Ti àwọn olóṣèlú á wà níbẹ̀, ká má parọ́, àwọn ló ní èrò náà. Ti àwọn ayàwòrán ilé àti bíríkìlà náà á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó máa pọ̀ jù ni orúkọ àwọn àgbẹ̀ Gbọ̀ngán, Ìkirè, Àpòmù, Ifẹ̀, Oǹdó àti àwọn abúlé tí ò sí lórí Google Maps. Wọn ò bu ọwọ́ lu ìwé kankan pé àwọn gbà kí wọ́n fi owó àwọn kọ́ pápá. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n sanwó.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú pápá tí àwọn àgbẹ̀ kọ́ yìí? Ibí yìí ni Dick Tiger ti wọlé.

Richard Ihetu lorúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò. Aba ló ti kọ́kọ́ di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Liverpool lọ́dún 1955 láti wá iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò rọrùn. Wọ́n ń nà án níbẹ̀rẹ̀, òtútù ń mú un, owó ò sí. Ó forí tì í. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1962, ó dojú kọ Gene Fullmer, ọmọ ìpínlẹ̀ Utah, ẹni tí bẹ́líìtì àgbáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Candlestick Park ni wọ́n ti jà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ṣáájú ni àwọn New York Yankees na San Francisco Giants níbẹ̀ nínú àṣekágbá baseball ọdún náà. Ipele ẹ̀ṣẹ́ 15 ni Tiger àti Fullmer jà pé, Tiger ló sì gba bẹ́líìtì. Ní oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, wọ́n jà á sí ọ̀mì.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìbàdàn ni wọ́n sì gbé e wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Liberty Stadium gbàlejò ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé ní Nàìjíríà. Ẹ ronú sí i ná. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí ọmọ wa bá fẹ́ gba bẹ́líìtì àgbáyé, ó gbọ́dọ̀ lọ bá wọn nílé wọn. Hogan Bassey lọ sí Paris lọ́dún 1957 kó tó gba tirẹ̀. Tiger fúnra rẹ̀ lọ sí San Francisco. Lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó ló wọ bàálù wá bá wa. Fullmer jà dé ìparí ipele keje, ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ò sì jẹ́ kó jáde fún ipele kẹjọ mọ́. Tiger ló borí. Fullmer ò tún ja ìjà mìíràn láyé rẹ̀ lẹ́yìn ti Ìbàdàn.

Ọmọ Ìgbò ni Tiger, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti pariwo orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i bíi nǹkan àjèjì. Ṣùgbọ́n ilé ò tòrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń jà ní Liberty yẹn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí di òpin 1959, ń jẹ́jọ́ ìdìtẹ̀ síjọba lọ́wọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún un. Kí ọdún mẹ́rin tó pé lẹ́yìn ìjà náà, ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀, Tiger sì ti gbè sẹ́yìn Biafra. Lọ́dún 1969, ó dá àmì ẹ̀yẹ MBE tí ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un padà, nítorí pé ìjọba wọn ń ti Nàìjíríà lẹ́yìn. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní oṣù kejìlá ọdún 1971. Ọmọ ọdún 42 péré ni.

Àwọn àgbẹ̀ náà ò dákẹ́. Owó tí wọ́n ń san lórí kòkó já wálẹ̀ gan-an láwọn ọdún 1960, owó tí Bọ́ọ̀dù fi pamọ́ láti fi gbé wọn ró ti tán nílẹ̀, owó orí sì ń ga sí i. Nígbà tó di 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn: àgbẹ̀ kọ ìyà. Tafa Adeoye ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, Awólọ́wọ̀, tó ti jáde lẹ́wọ̀n tó sì ti di kọmíṣọ́nnà nínú ìjọba ológun, lọ bá Adeoye sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Lọ́dún 2010, ìjọba àpapọ̀ yí orúkọ Liberty padà sí Obafemi Awolowo Stadium. Ó tọ́ sí i, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ka orúkọ ẹni tó ní èrò náà lẹ́nu géètì, ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tó sanwó rẹ̀, tí wọ́n tún padà wá jà nítorí owó náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, torí òun la torí ẹ̀ gbéra.

Ẹgbẹ́ tí à ń pè ní 3SC lónìí, ọmọ kòkó lòun náà. WNDC lorúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ láti máa bójú tó oko ńlá àti ilé-iṣẹ́ ńlá. Nígbà tó yá, ó di IICC Shooting Stars. Lọ́dún 1976, wọ́n gba ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù ni wọ́n na, 4-2 ní àpapọ̀ eré méjèèjì. Kò tíì sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn.

Lọ́dún 1980, Nàìjíríà gbàlejò ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa gbá tirẹ̀ ní Èkó, nígbà tí Ìbàdàn gba ìsọ̀rí tí Gánà, Algeria, Morocco àti Guinea wà. Gánà tó ni ife náà lọ́wọ́ ò kọjá ìsọ̀rí yẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, Nàìjíríà na Algeria 3-0 nínú àṣekágbá ní Surulere. Ṣẹ́gun Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan. Ọmọ Shooting Stars làwọn méjèèjì. Best Ogedegbe tó dúró sójú ilé, ọmọ Shooting Stars lòun náà. Ife ẹ̀yẹ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà, ẹsẹ̀ Ìbàdàn ló gbá gbogbo góòlù àṣekágbá rẹ̀.

Ká má fi èyí tó dùn nìkan sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni Shooting Stars dé àṣekágbá ife tó ga jù ní Áfíríkà, ní 1984 àti 1996, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà sì ni Zamalek ti Íjíbítì gbé e lọ. Ti 1996, pẹnárítì ni. Àwọn bàbá wa ṣì ń bínú dòní. Láàárín méjèèjì, lọ́dún 1992, wọ́n gba CAF Cup lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, láti 1976 títí di 1991, ìpínlẹ̀ kan náà ni Gbọ̀ngán àti Ìbàdàn wà, ìyẹn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n gé Ọ̀ṣun jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ààlà bọ́ sí itòsí odò Ọ̀ṣun ní Asejire, níbi tí à ń kọjá lórí afárá. Lórí ìwé, Shooting Stars di ti aládùúgbò wa. Nínú ọkàn, kò sóhun tó yí padà. Kò sẹ́ni tó lè fi òfin gé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kúrò lára ènìyàn.

Tí a bá dé Ìbàdàn lóde òní, kì í ṣe Liberty la máa ń lọ láti wo 3SC. Adámásingbà là ń lọ, ní pápá tí wọ́n fi orúkọ Lékan Salami sọ, olóyè tó fi owó àti ọjọ́ ayé rẹ̀ ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn. Pápá náà kéré sí Liberty púpọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Seyi Makinde tún un ṣe, ó sì dùn ún wò báyìí. Tí ẹ ò bá tíì wọ ibẹ̀ rí, ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ìlù ò kì í dákẹ́. Àwọn alátìlẹyìn á máa kọ orin tí ò ṣeé kọ sílẹ̀ síbí. Bàbá kan á máa sọ fún rẹfirí bó ṣe yẹ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bíi pé rẹfirí lè gbọ́ ọ láti ọ̀hún. Ọmọ kékeré á máa ta omi inú ọ̀rá láàárín àtẹ̀gùn ìjókòó. Tí góòlù bá wọlé, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí á dì mọ́ yín.

A máa ń gba Liberty kọjá kí a tó darí sílé. Ó ṣì tóbi, àwọn ìjókòó rẹ̀ ṣì yí pápá ká bíi ọwọ́ tó fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi dúró láìsí ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Candlestick tí wọ́n ṣí lọ́dún kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ò sí mọ́ rárá, wọ́n wó o palẹ̀ lọ́dún 2015. Tiwa ṣì wà nílẹ̀. Ìyẹn ni pé a ṣì lè ṣe nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ohun tí à ń sọ ò le. Pápá ìṣeré ní onílé méjì: àwọn tó sanwó rẹ̀, àti àwọn tó ń jókòó kún inú rẹ̀. Adámásingbà wà láàyè nítorí pé ìjókòó rẹ̀ ò ṣófo. Liberty ń fẹ́ irú ẹ̀ náà, ó sì tọ́ kí àwa tí owó bàbá wa wà nínú ògiri rẹ̀ máa béèrè fún un, láìtijú, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kọ́kọ́rọ́ géètì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tó rọrùn ni òkúta ìrántí kékeré lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó kòkó ló kọ́ ibí yìí, kí wọ́n sì to orúkọ àwọn ìlú náà sí i. Kò ní ná wọn ní ohun tó pọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lórí fóònù yín lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn àgbà tó ta kòkó fún Bọ́ọ̀dù ò pọ̀ mọ́ ní Gbọ̀ngán, ní Ìkirè, ní Àpòmù. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ béèrè iye tí wọ́n gbà lórí kòkó, ẹni tó wọ̀n ọ́n fún wọn, àti bóyá wọ́n wọ Liberty rí. Ẹ tẹ fóònù sí ohùn wọn. Ẹ kọ orúkọ àti déètì sí i.